Ohùn Méjì Lórí Sídíì Kan: "GP" àti "Grievous Angel" ti Gram Parsons

Ohùn Gram Parsons, ará Amẹ́ríkà tí ó kọ orin kọ́ńtírì, ìyẹn orin ìgbèríko wọn, kì í ṣe ohùn alágbára. Bí ó bá gòkè, a máa gbọ̀n, a sì máa dà bí okùn tí ó fẹ́ já kí ẹsẹ orin tó parí, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó fẹ́ràn olórin tí í fi ohùn mi ilẹ̀ lè má rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Sídíì tí ilé-iṣẹ́ Reprise gbé jáde ní ọdún 1990 kó àwo méjèèjì tí ó dá ṣe pọ̀ sójú kan, ìyẹn GP ti ọdún 1973 àti Grievous Angel ti ọdún 1974. Lẹ́yìn tí mo ti gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́, mo gbà pé gbígbọ̀n ohùn yẹn gan-an ni ènìyàn ń san owó lé lórí.

Ìdí ni pé kò dá kọ ọ́. Emmylou Harris, tí òkìkí rẹ̀ kò tíì kàn nígbà náà, ni ó ń bá a gbè é. Nínú "Love Hurts", ohùn obìnrin náà rọra gun orí tirẹ̀, kò bò ó mọ́lẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀; níbi tí ọkùnrin náà bá ti fa ọ̀rọ̀ gùn, obìnrin náà a dúró dè é, àwọn méjèèjì a sì jọ sọ ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bí ẹni méjì tí ó jọ ru ẹrù kan. "$1000 Wedding" tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: dùùrù ń rìn jẹ́jẹ́, wọ́n ń sọ ìtàn ọkọ ìyàwó tí ìyàwó rẹ̀ kò yọjú, olórin náà kò sì sọ ohun tí ó fà á títí orin fi parí.

Láti kékeré ni ọ̀nà yìí ti là sílẹ̀ fún un. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí Elvis Presley wá ṣeré ní Waycross, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní ọdún 1956, ó sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ó tó àkókò tirẹ̀ láti ṣe àwo, àwọn òṣèré Elvis náà ni ó lọ háyà, James Burton lórí gìtá, Glen D. Hardin lórí dùùrù àti Ronnie Tutt lórí ìlù. Láàrin ìgbà méjèèjì, ó ti fa Byrds, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan, wọ inú orin kọ́ńtírì ní ọdún 1968, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dún náà nígbà tí ó kọ̀ láti bá wọn lọ ṣeré ní South Africa nítorí ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Òun àti Chris Hillman, tí wọ́n jọ wà nínú Byrds, wá dá ẹgbẹ́ Flying Burrito Brothers sílẹ̀. Ilé ìránṣọ Nudie Cohn, níbi tí àwọn olórin kọ́ńtírì ti ń ránṣọ, ni ó lọ, ṣùgbọ́n ewé igbó tí wọ́n ń fà àti hóró oògùn ni ó ní kí wọ́n fi òwú ya sára kóòtù funfun tirẹ̀. Bí orin rẹ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn: aṣọ àwọn àgbà, iṣẹ́ ọnà àwọn ọ̀dọ́.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó dùn mọ́ mi. Àkọlé orin kan sọ pé níwájú èrò ní Quebec ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ni wọ́n ti fi ariwo èrò kún un. Ẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ ó ba orin tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ó kú ní Joshua Tree, ní ìpínlẹ̀ California, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1973, lẹ́ni ọdún 26, nípa ọtí àti mọ́fíìnì, kí àwo kejì tó jáde. Ìtàn bí Phil Kaufman, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ń bá a bójú tó ìrìn-àjò eré, ṣe jí pósí rẹ̀ gbé ní pápákọ̀ òfuurufú tí ó sì lọ sun òkú náà ní aṣálẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn, ó sì ká mi lára. Ẹni tí kò bá mọ̀ ju ìyẹn lọ, kí ó fo àwo àkọ́kọ́ ná, kí ó tẹ orin kejìlá, níbi tí Grievous Angel ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì fetí sí ìgbà tí obìnrin yẹn bá wọlé.