Ọkọ̀ agbọ̀n ní Hội An: ká ra pákééjì ni, àbí ká lọ sanwó létí omi fúnra wa?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra Vietnam, mo mọ̀ pé ẹ ti rí fídíò ọkọ̀ agbọ̀n roboto yẹn, èyí tí ọkùnrin kan dúró sínú ẹ̀ tó ń fi í pòòyì lórí omi tórin sì ń dún gbàù-gbàù lẹ́yìn ẹ̀, torí náà mi ò ní máa ṣàlàyé bó ṣe rí. Ohun tí wọ́n ń bi mí ṣáá ni pé báwo ni kéèyàn ṣe sanwó ẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà, mo sì ti tọ méjèèjì. Ẹ lè ra pákééjì lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìrìn-àjò afẹ́ nínú ìlú Hội An tàbí ní hòtẹ́ẹ̀lì yín, kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì wá gbé yín. Ẹ sì lè gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Cẩm Thanh fúnra yín kẹ́ ẹ sanwó ní èbúté. Omi kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni, àwọn ìyá kan náà ló máa tukọ̀ yín. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀, àpò yín ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ká tiẹ̀ sọ díẹ̀ nípa ibẹ̀ kó lè yé wa. Cẩm Thanh ò jìnnà sí Hội An rárá, ibi tí odò Thu Bồn ti ń wọ òkun ní Cửa Đại ni. Igbó kan wà nínú omi níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bảy Mẫu, nipa ló kún inú ẹ̀, ìyẹn ọ̀pẹ tí ẹ ò ní í rí ìtì ẹ̀, imọ̀ ẹ̀ ló máa ń yọ tààrà látinú ẹrẹ̀. (Wọ́n gbé irú ẹ̀ wá sí Calabar ní 1906, ó sì ti di wàhálà sí wọn lọ́rùn níbẹ̀, ó ń pa igi ẹ̀gbá mọ́lẹ̀. Ní Cẩm Thanh ní tiwọn, òun ni wọ́n fi ń jẹun.) Ewé ẹ̀ ni wọ́n fi ń bo òrùlé, àárín ẹ̀ náà sì làwọn jagunjagun wọn ń sá pamọ́ sí nígbà tí wọ́n ń bá Faransé jà, kí Amẹ́ríkà náà tó tún dé. Ọkọ̀ yẹn, thúng chai lorúkọ ẹ̀, ọparun ni wọ́n fi ń hun ún, wọ́n á wá fi òróró igi dầu rái kùn ún kómi má baà wọlé. Ìtàn tí wọ́n máa sọ fún yín ni pé àwọn Faransé ló bu owó orí lé ọkọ̀ ojú omi, làwọn apẹja bá ní ó dáa, agbọ̀n ni tàwọn, ta ló ń gbowó orí agbọ̀n? Bóyá òótọ́ ni o, bóyá wọ́n kàn ń sọ ọ́ kó dùn ni, ó pa mí lẹ́rìn-ín ṣá.

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ.

Pákééjì tí èmi àti àbúrò mi rà, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nínú ìlú àtijọ́ la ti rà á, mi ò ní dárúkọ wọn. Obìnrin tó wà níbẹ̀ fa bébà kan yọ, ó ń fi bírò máàkì nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan: bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ọkọ̀ agbọ̀n wà níbẹ̀, akàn dídẹ wà níbẹ̀, omi mímu wà níbẹ̀, ó ní gbogbo ẹ̀ ti pé síbẹ̀. A sanwó lórí kọ̀ọ̀kan, èmi san tèmi, àbúrò mi san tiẹ̀. Ìgbà tá a wá dé ẹnu ọ̀nà Cẩm Thanh, ọkùnrin kan na tíkẹ́ẹ̀tì sí wa pé owó àbáwọlé igbó kù o, 30,000 đồng (owó Vietnam nìyẹn) lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo fi bébà hàn án. Ó wo bébà, ó rẹ́rìn-ín, ó tún nawọ́ ẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo yíjú sí ẹni tó gbé wa wá, ó ti kọjú sí fóònù ẹ̀, ó ń fìka yí i lọ sókè bí ẹni pé kò mọ̀ wá rí. Ká má parọ́, 30,000 ò tiẹ̀ tó dọ́là méjì, kì í ṣe owó tó máa pa ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ẹni tó ní gbogbo ẹ̀ ti pé síbẹ̀, tí kò bá lè fi ti ẹnu géètì síbẹ̀, kí ló wá fi síbẹ̀?

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé létí omi, wọn kì í ka orí, ọkọ̀ ni wọ́n ń kà. Àgbàlagbà méjì ló ń wọ ọkọ̀ agbọ̀n kan pẹ̀lú ẹni tó ń tù ú, wọ́n lè fi ọmọdé kan kún un. Nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi wá gun kẹ̀kẹ́ lọ fúnra wa, 150,000 đồng ni wọ́n pe ọkọ̀ kan (owó á ti yí padà o, ẹ má fi tèmi jà níbẹ̀), àwa méjèèjì pín in, tíkẹ́ẹ̀tì àbáwọlé ló kàn kún un, ó parí. Àwọn tó ń ta pákééjì ní tiwọn, orí ni wọ́n ń kà, ẹ̀yin méjì á san ìlọ́po méjì, wọ́n á wá kó yín sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, orí pákó kan náà lẹ máa jókòó sí. Mo fọkàn ṣírò ẹ̀ nígbà tí mò ń gun kẹ̀kẹ́ padà bọ̀, inú bí mi lákọ̀tun. Ẹni tó bá dá nìkan rìn ni èbúté ò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ lọ́rùn, torí gbogbo ọkọ̀ ló máa san, kò sẹ́ni tó máa bá a pín in, àfi tó bá rí àlejò míì tó dá wà bíi tiẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì.

Owó kan tún wà láàárín omi. Ọkùnrin tó ń pòòyì yẹn, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe o, ó máa ń tẹ ọkọ̀ yẹn fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ títí ẹ máa rò pé omi ti wọlé tán. Gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá á dúró yí i ká, àwọn àlejò á máa náwó fún un bíi ti òde àríyá, wọ́n á gbé owó lé orí àjẹ̀ tó nà sí wọn. Kò burú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ pákééjì yẹn, ìyá tó ń tù wá di ọkọ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mú, kò tù mọ́, ó kàn ń wo ojú wa, ó ń wo báàgì wa, a sì mọ̀ pé tá ò bá mówó jáde a ò ní í kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Nígbà tá a délẹ̀, òun náà nawọ́. Mi ò bínú sí ìyá yẹn, ọwọ́ mélòó ni owó pákééjì máa gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀? Ṣọ́ọ̀bù á mú, dírẹ́bà á mú, ẹni tó ni èbúté á mú. Ìgbà tá a dá lọ, tọwọ́tọwọ́ la fún ẹni tó tù wá ní nǹkan nígbà tá a délẹ̀, kò bèèrè, inú wa sì dùn láti fún un.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ra pákééjì, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó: ṣé tíkẹ́ẹ̀tì Bảy Mẫu wà nínú ẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú bírò, èèyàn mélòó ló máa wọ ọkọ̀ kan, aago mélòó ni ọkọ̀ máa kúrò ní èbúté, kì í ṣe aago tí bọ́ọ̀sì máa wá gbé yín o. Ìbéèrè kẹta yìí, ẹ má fi ṣeré. Bọ́ọ̀sì tó gbé wa, hòtẹ́ẹ̀lì dé hòtẹ́ẹ̀lì ló ń já, ó ń kó èèyàn, ó ń dúró de ẹni tí kò tíì wẹ̀, aago mẹ́wàá ti kọjá dáadáa ká tó fojú kan omi, ìgbà yẹn gan-an ni gbogbo bọ́ọ̀sì tó ti Đà Nẵng, ìlú ńlá tó wà nítòsí, wá náà dé, làwọn èrò bá tú yáyá, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan ń kọ orin Korea, òmíì ń kọ ti Vietnam, ọkọ̀ ń gbá ọkọ̀, oòrùn ń jó wa lábẹ́ fìlà ewé ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n dé fún gbogbo wa.

Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ kúrò nílé láàárọ̀ kùtù, kó dé ibẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù, ibòmíì ló máa rò pé òun wà. Títẹ́ ni ojú ọ̀nà, kò sí òkè kankan, ẹ ò ní í pẹ́ dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ló sì ń yáni ní kẹ̀kẹ́, òmíì lọ́fẹ̀ẹ́. Kò tíì sí orin kankan. Ìyá tó tù wá jókòó síwájú, ó ń fi àjẹ̀ fa omi sọ́tùn-ún sósì, ọkọ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tá a wọ àárín nipa, ó já ewé kan, ó fi eyín ya á tẹ́ẹ́rẹ́, ó ká a, ó ṣẹ́ ẹ, kí n tó ṣẹ́jú, tata ti bà létí fìlà mi, ó tún fi èyí tó kù ṣe òrùka fún ọ̀rẹ́ mi. Ó wá fún wa ní ọ̀pá ìwọ̀ tín-ín-rín, akàn kéékèèké tó wà níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ wọn pọ́n rúsúrúsú, ìjẹ ni wọ́n kàn máa ń rọ̀ mọ́, wọn kì í fẹ́ fi sílẹ̀ títí ẹ máa fi fà wọ́n wọnú ọkọ̀. Ó ní ká dá wọn padà sínú ẹrẹ̀, a sì dá wọn padà.

Àwọn nǹkan tó kù, ẹ jẹ́ n yára sọ ọ́. Jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n ti ń fún yín, ẹ wò ó kí okùn ẹ̀ má ti já. Ọkọ̀ yẹn kì í dojú dé bọ̀rọ̀, ẹ ṣáà má dìde dúró nínú ẹ̀. Òjò: oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá, omi Thu Bồn máa ń kún títí ó fi ń wọ ojú títì Hội An, ẹ yẹra fún un, oṣù kejì sí ìkẹjọ ló dáa. Oúnjẹ: pákééjì ló wọlé níbẹ̀, mo gbà, tí wọ́n bá fi kíláàsì oúnjẹ sísè mọ́ ọn, wọ́n á kọ́kọ́ mú yín lọ sọ́jà, ẹ ó kọ́ bánh xèo, ìyẹn páńkéèkì ìyẹ̀fun ìrẹsì wọn, ẹ ó jẹ ẹ́, ìyẹn tó owó. Owó ìnáwó: 20,000 àti 500,000 đồng, búlúù ni àwọ̀ méjèèjì, ẹ kó kéékèèké sápò ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó wọnú omi, torí ẹni tó ń pòòyì ò ní í ní ṣéńjì.

Àwọn kan á ní ṣebí wọ́n tún ń tukọ̀ ní Ninh Bình, lọ́nà Hanoi. Òótọ́ ni, mo ti lọ Tràng An, ó rẹwà kọjá sísọ, kì í ṣe lásán ni UNESCO ṣe kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2014. Àmọ́ ọkọ̀ gbọọrọ ni tiwọn, kì í ṣe agbọ̀n, èèyàn mẹ́rin ló sábà máa ń wọ̀ ọ́, ó máa ń tó wákàtí mẹ́ta, ẹ ó sì máa tẹrí ba gba inú ihò àpáta kọjá. Ojú kan ni owó wọn, 250,000 đồng nígbà tí mo lọ, ojú fèrèsé lẹ ti máa san án. Tam Cốc tó wà nítòsí ẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tukọ̀ níbẹ̀, ìrẹsì sì máa ń pọ́n lẹ́bàá odò Ngô Đồng bí oṣù karùn-ún bá ń parí lọ, àmọ́ lẹ́yìn ihò kẹta làwọn ọlọ́jà orí omi máa ká yín mọ́, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ra mínírà fún ẹni tó ń tù yín. Hội An sí ibẹ̀ jìnnà, reluwé alẹ́ láti Đà Nẵng ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ọ̀kan lè dípò èkejì.

Kẹ́ ẹ má wá rò pé mò ń gbè sápá kan, pákééjì ní àwọn tó wúlò fún. Ẹni tó bá fẹ́ kíláàsì oúnjẹ, kó rà á. Ẹni tó bá dá nìkan rìn, tó ń wá ẹni tó máa bá a ṣeré, kó rà á. Ẹni tó bá kó màmá tàbí bàbá lọ, tí wọn ò lè gun kẹ̀kẹ́, ó lè rà á tó bá wù ú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́tò Grab (bíi Uber) wà ní Hội An, fóònù lẹ máa fi pè é, owó ẹ̀ ò pọ̀, á gbé yín dé ẹnu èbúté láàárọ̀ kí bọ́ọ̀sì ẹnikẹ́ni tó dé. Ẹ ṣáà bẹ dírẹ́bà kó dúró dè yín tàbí kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀, torí àtirí mọ́tò padà sí ìlú láti Cẩm Thanh kì í yá tó àtilọ.