Búrọ́ọ̀ṣì Onírun Ẹlẹ́dẹ̀ àbí Oníke: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Mọ́tò Yín?

Búrọ́ọ̀ṣì méjì ló wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń fọ mọ́tò. Onírun ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀kan, ó ti ń lọ sí ọdún kẹrin. Oníke ni èkejì, n kì í sì í jẹ́ kó kan ara mọ́tò mọ́.

Corolla dúdú ni mo ń wà. Ọdún tí mo rà á, ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Mo ki búrọ́ọ̀ṣì oníke líle bọ ọṣẹ, mo fi gbo ó títí ó fi mọ́. Ọjọ́ kejì tí oòrùn ràn sí i ni mo rí ohun tí mo ṣe: ilà tín-ín-rín rẹpẹtẹ, bíi pé ológbò fi èékánná ha á. Ohun dídán tí wọ́n fi bo ọ̀dà mọ́tò kò nípọn tó fọ́nrán irun orí. Bí iyanrìn bá ti há sáàárín irun líle, ó ti di nǹkan mìíràn. ₦25,000 ni ẹni tó bá mi fi ẹ̀rọ dán an gbà, àwọn ilà tó jinlẹ̀ sì wà níbẹ̀ dòní.

Torí náà, ẹ mú sídì àtijọ́ àti ìgò omi ọṣẹ kan dání lọ sọ́jà. Ẹ rẹ irun búrọ́ọ̀ṣì náà, ẹ fi gbo ẹ̀yìn sídì níbi tó ń dán, ẹ wá gbé e sí oòrùn. Èyí tó bá ha sídì, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ wo ọrùn rẹ̀ náà: bí irin ló di irun mú, irin yẹn á ha ríìmù.

Onírun ẹlẹ́dẹ̀ máa ń rọ̀ sí i bí ẹ bá rẹ ẹ́ sómi díẹ̀. Orí irun rẹ̀ là, ó sì ń gba ọṣẹ dúró. Òun ni mo fi ń fọ ihò nọ́ọ̀tì ríìmù àti etí ìdérí ẹnu táǹkì. Ẹnu éésì ní búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, gbígbẹ, torí èérí búréèkì kò gbọdọ̀ wọ inú mọ́tò. Ọṣẹ ríìmù tó ní ásíìdì máa ń ba irun ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò fàyè gba ẹlẹ́dẹ̀, kó béèrè onírun ẹṣin.

Oníke kò wọ́n, ó ń yá gbẹ, ásíìdì kò sì rí i gbé ṣe. Ti táyà àti kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà ni.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ojú ilẹ̀kùn kì í ṣe ti ìkankan nínú wọn. Aṣọ rírọ̀ àti omi púpọ̀ ni tiwọn.

Bí ẹ bá lówó méjèèjì, ẹ rà wọ́n. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni, ẹni tí táyà nìkan ń dùn lè mú oníke. Ẹ̀yin yòókù, ẹ ra onírun, kí ẹ ṣì máa fi kànrìnkàn àtijọ́ fọ táyà fún oṣù kan.