Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra ìpara inú ike l'Óṣogbo: ẹ ní kí wọ́n fi túùbù rẹ̀ hàn yín

Ẹ̀yin ará Òròkí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, pàápàá ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ. Bí ẹ bá ní ìpara kan nílé tí wọ́n bù fún yín nínú ike kékeré onídèérí pupa, tí wọ́n ní "hydrocortisone ni, kò le rárá, ọmọ ìkókó gan-an lè lò ó", ẹ gbọ́ ohun tójú èmi rí kí ẹ tó tún tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló ní èélá. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, inú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ níbi tí apá ti ń ká àti ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ á pọ́n, á máa yún un, á họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Lówùúrọ̀, aṣọ á ti lẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀. Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní eczema ni, kì í ṣe kúrúnà, kò sì lè ran ẹnikẹ́ni. Ó kọ hydrocortisone 1% fún wa, ìpara steroid tó fúyẹ́ tó ń mú pípọ́n àti yíyún rọlẹ̀, túùbù kékeré kan, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣàpèjúwe bí mo ṣe máa lò ó. Ó tẹ ìpara sórí ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀, láti ṣóńṣó ìka dé ìlà oríkèé àkọ́kọ́. Ó ní ìwọ̀n yẹn ò ju ìlàjì gíráàmù lọ, ó sì tó fún ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà méjì pẹ̀lú àwọn ìka. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fẹ́ẹ́rẹ́, orí ibi tó pọ́n nìkan, ọjọ́ méje. Kí n má fi kan ìpéǹpéjú, kí n má fi síbi tó bá ti ń ṣọyún, kí n má fi ọ̀rá tàbí aṣọ wé e pa. Bí ọjọ́ méje bá pé tí kò lọ, kí n gbé ọmọ padà wá, kí n má dá a fà gùn. Ó ní òrí tàbí Vaseline ni kí n máa fi pa á lójoojúmọ́, yálà ó ń yún un tàbí kò yún un, torí gbígbẹ awọ yẹn ló ń ṣínà fún un. Kí n sì fi nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sáàárín òrí àti oògùn.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ọmọ ti ń sùn mọ́jú. Ìpara tó dáa nìyẹn, mi ò bá a jà. Mo ní láti sọ èyí torí mo mọ̀ pé àwọn kan máa ka ọ̀rọ̀ mi tán, wọ́n á ní gbogbo ìpara steroid ni májèlé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí awọ ọmọ bá ń jó o, tí dókítà ti sọ èyí tó yẹ àti iye ọjọ́ rẹ̀, ìyà la fi ń jẹ ẹ́ bí a bá kọ̀ láti fi pa á.

Ìgbà tí èélá náà padà dé ni mo ṣàṣìṣe. Túùbù ti tán, owó ò sì sí lọ́wọ́. Aládùúgbò kan ní kí n lọ bá àǹtí kan nínú ọjà tó máa ń bu ìpara tà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ọjà, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é. Ó fọ̀yàyà gbà mí. "Ṣé hydrocortisone lẹ ń wá, mọ́mì? Èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì náà ni. Ńlá ni mo ń rà, mo wá ń bù ú kó lè rọ̀ yín lọ́rùn. Mo fi òrí pò ó kó má baà le." Mo ní ìwé rẹ̀ ńkọ́? Ó yí ike náà, ó fi nọ́ńbà NAFDAC hàn mí lára bébà tó ti ya dé ìdajì. Bí mo ṣe rí nọ́ńbà, ọkàn mi balẹ̀. Mi ò wò ó pé ike ìpara irun ni wọ́n fọ̀, tí wọ́n bu nǹkan mìíràn sí, àti pé nọ́ńbà ìpara irun ni mo ń wò.

Ọjọ́ kejì péré, gbogbo rẹ̀ ti pòórá. Ó yẹ kó bà mí lẹ́rù. Èyí tí dókítà fún wa gba ọjọ́ márùn-ún, ti inú ike ṣe é lọ́jọ́ méjì, ojú ibẹ̀ tún wá mọ́ ju ara yòókù lọ. Ṣùgbọ́n inú mi dùn ni. Mo júwe rẹ̀ fún èèyàn méjì, ohun tó sì ń dùn mí jù lónìí nìyẹn. Nígbàkígbà tó bá ti yún un díẹ̀, mo ti bu ìpara. Oṣù márùn-ún la fi wà lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo ń wẹ̀ ẹ́ lágbàlá, oòrùn ràn sí apá rẹ̀. Mo rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín bí òwú pupa nínú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Awọ ibẹ̀ ti rọ pẹlẹbẹ bí èèpo àlùbọ́sà. Ìlà tó máa ń wà lára ikùn olóyún ni mo rí lẹ́yìn orúnkún ọmọ ọdún mẹ́rin. Bí mo bá sì fi ọjọ́ méjì fò ó, pípọ́n náà á padà pẹ̀lú ìjóni tó ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Dókítà wo apá ọmọ, ó wo ike, ó ní hydrocortisone 1% kọ́ ló ṣe èyí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti dé ìdí ìsọ̀ àǹtí náà kí ó tó pàtẹ. Ó jókòó sórí àpótí, báàfù òrí wà níwájú rẹ̀, ó ń fi sísọ́ọ̀sì gé ìdí túùbù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìdí ṣíbí họ inú rẹ̀ sínú òrí. Òfìfo túùbù kún inú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo mú ọ̀kan, mo kà á: clobetasol propionate 0.05%. Mo mú òmíràn, orúkọ mẹ́ta ló wà lára rẹ̀: steroid líle, oògùn làpálàpá, àti oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Hydrocortisone ò sí nínú gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ọmọ ọdún mẹ́rin ni mo ń fi èyí pa." Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé kò mọ́ ni?"

Ẹ má jẹ́ kí 0.05 yẹn tàn yín jẹ torí pé ó kéré sí 1. Orúkọ oògùn lẹ máa kọ́kọ́ wò, kì í ṣe iye. Ìpele tó fúyẹ́ jù lọ ni hydrocortisone 1% wà, ìpele tó le jù lọ ni clobetasol wà. Wọ́n ní agbára rẹ̀ lè tó ìlọ́po 600 ti hydrocortisone. Òun náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: dókítà lè kọ ọ́ fún awọ tó ti ki bíi ti àtẹ́lẹsẹ̀, fún ọjọ́ díẹ̀, kó sì máa wò ó. Ṣùgbọ́n fún inú ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé, ojú, abẹ́, tàbí abẹ́ pampers, áà! Awọ ọmọdé fẹ́lẹ́, ó tètè ń fà á sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá pẹ́, ara ọmọ á dín irú steroid tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe kù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀: ẹ má kàn sọ ike nù kí ẹ sì jókòó sílé. Ẹ gbé ike àti ọmọ lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo júwe rẹ̀ fún, làpálàpá ló wà ní itan ọkọ rẹ̀. Yíyún rẹ̀ dáwọ́ dúró, pípọ́n rẹ̀ lọ, wọ́n rò pé ó ti san. Kò san o, ó ń tàn kálẹ̀ lábẹ́lẹ̀ ni, títí ó fi dé ìdí àti ikùn, kò tiẹ̀ rí roboto bíi làpálàpá mọ́. Steroid kì í pa làpálàpá, ńṣe ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹnì kejì jẹ́ aláró. Ìlú aró ni wá, gbogbo wa la mọ bí sódà kọ́sítíìkì ṣe ń bó ọwọ́. Ìpara mú kí ọwọ́ rẹ̀ dákẹ́, ó sì ń padà síbi aró láìwọ ìbọ̀wọ́, lára awọ tó ti fẹ́lẹ́. Ìbọ̀wọ́ ló nílò ṣáájú ìpara.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, túùbù tí wọn ò tíì ṣí ni kí ẹ rà, lọ́dọ̀ apòògùn gidi. Kí orúkọ oògùn àti iye rẹ̀ wà lára túùbù fúnra rẹ̀, kí ọjọ́ tó máa bàjẹ́ wà níbẹ̀, kí ìwé wà nínú páálí. Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ fi pa lára àti ọjọ́ orí ẹni náà, kí ẹ sì wo ẹni tó ń tà á bóyá á bi yín léèrè nǹkan kan. Ẹni tó bá ní ìpara kan náà ń wo èélá, làpálàpá, iróorẹ́ àti dúdú ara, ẹ kúrò níwájú rẹ̀.

Ara ọmọ mi ń padà bọ̀ sípò, pípọ́n ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìlà ẹ̀yìn orúnkún yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ike náà àti túùbù méjì tí mo mú nínú ọ̀rá wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń mú wọn lọ sọ́dọ̀ NAFDAC. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ má dà á nù, ẹ jẹ́ ká jọ mú un lọ. Mo gbọ́ láàárọ̀ yìí pé ìdérí aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń lò báyìí, wọ́n sì ti ń gbé e kiri ibi ìkómọ.