Ìkìlọ̀: Iná kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kọ 10,000 lumen sí lára, ẹ má fowó yín rà á

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ lóru, ẹ dákun, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó sanwó iná kankan. Iná iwájú kan wà tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan báyìí. Dúdú ni, ojú mẹ́ta ló ní. Wọ́n kọ 10,000 lumen (ìwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó) gàdàgbà sára páálí rẹ̀, wọ́n ní bátìrì rẹ̀ jẹ́ 9,900 mAh (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́), wọ́n tún ní á tàn fún wákàtí 8 láì kú. Owó rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó iná gidi. Ẹ má wo ti orúkọ tó wà lára páálí, torí mo ti rí i pẹ̀lú orúkọ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwòrán kan náà, àṣìkọ kan náà lẹ́yìn páálí. Mo rà á, ó sì fi mí ṣubú.

Lálẹ́ ọjọ́ tó dé, mi ò ní purọ́, inú mi dùn. Mo tàn án nínú yàrá, gbogbo ògiri funfun báláú. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn rẹ̀ wà, nítorí nínú yàrá kékeré, kò sí iná tí kì í mọ́lẹ̀. Alẹ́ kẹta ni mo gbé e jáde sójú ọ̀nà tí kò ní iná òpó kankan. Kò tíì tó ìṣẹ́jú 15 tí mo fi ń na ọrùn bí ìjàpá kí n tó rí iwájú, àmọ́ mo rò pé ojú mi ló rẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó kú fin-ín. Òkùnkùn biribiri. Orí ìdagẹ̀rẹ̀ ni mo wà, eré ń bẹ lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́. Kí n tó fa bíréèkì, táyà iwájú ti já sí kòtò. Ìgbúnwọ́ ni mo fi gbalẹ̀. Ríìmù tẹ̀, awọ ìgbúnwọ́ bó, ni mo bá ń ti kẹ̀kẹ́ lọ sílé, tí mò ń fi iná fóònù wo ẹsẹ̀ ara mi.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé iná náà lọ fún ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Kò tilẹ̀ wo ojú iná yẹn. Ó ṣí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, ó da bátìrì sí àtẹ́lẹwọ́, ó jù ú sókè díẹ̀, ó hán an. Ó ní, "Àbúrò, èyí fúyẹ́ jù." Ó gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré tó fi ń wọn nǹkan: gíráàmù 26. Ó yọ bátìrì inú tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, tí gígùn àti sísanra wọn dọ́gba, ó gbé ìyẹn náà sí i: gíráàmù 47. Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan.

Ó wá fi ọ̀bẹ bó ọ̀rá aláwọ̀ búlúù tó wà lára rẹ̀, ó sì rẹ́ agolo náà. (Ẹ má dán èyí wò nílé o. Bátìrì lithium tí ọ̀bẹ bá gún lè gbiná lójijì. Ìta ló ti ṣe é, ó kó ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, yanrìn inú báàkẹ́ẹ̀tì sì wà nítòsí.) Ohun tó jáde níbẹ̀ ni bátìrì kékeré kan tí kò gùn ju ìka àtàǹpàkò mi lọ, wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ orí agolo. Lẹ́búlẹ́bú funfun ló kún ibi tó kù. Wọ́n rọ ọ́ sínú rẹ̀ kó lè wúwo díẹ̀ lọ́wọ́, ẹ sì wò ó, ìwúwo yẹn pàápàá wọn ò ṣe é pé. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀ á gba owó òkúta. Àwọn wọ̀nyí ta lẹ́búlẹ́bú fún mi, owó gidi ni wọ́n sì gbà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo lè ti mọ̀ kí n tó sanwó. Gbogbo irọ́ wọn ni wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ sára páálí, ìṣirò ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló sì máa tú u. 18650 ni wọ́n ń pe irú bátìrì yìí. Orúkọ yẹn ni ìwọ̀n rẹ̀: mìlímítà 18 ní fífẹ̀, mìlímítà 65 ní gígùn. Agolo tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ní ibi tí agbára tó lè gbà mọ. Ojúlówó tó dáa gan-an tí ẹ máa rí rà kì í sábà kọjá 3,500 mAh. Èyí tó sanra jù ú lọ, tí wọ́n ń pè ní 21700, ló máa ń dé nǹkan bí 5,000. Ẹni tó bá wá kọ 9,900 sára 18650, ẹ má wulẹ̀ bá a jiyàn, ẹ kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dópin. Ká tiẹ̀ ní ojúlówó bátìrì 3,500 ni wọ́n fi sí i. Volt 3.7 ni irú bátìrì bẹ́ẹ̀. 3,500 mAh sì jẹ́ ampere 3.5 fún wákàtí kan. Ẹ sọ 3.7 di púpọ̀ lọ́nà 3.5, ó di nǹkan bíi watt 13 fún wákàtí kan péré, ó tán. Iná LED inú àwọn iná kẹ̀kẹ́ tí kò wọ́n máa ń mú nǹkan bíi lumen 100 jáde lórí watt kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé 10,000 lumen á máa jẹ watt 100. Ojúlówó bátìrì wa yìí ò ní gbé e tó ìṣẹ́jú 8, ooru rẹ̀ á sì ti mú kí ọwọ́ má ṣeé fi kàn án kó tó dìgbà náà. Wákàtí 8 tí wọ́n wí yẹn ńkọ́? Bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná, èyí tó ń ti ènìyàn gun òkè, sábà máa ń gba nǹkan bíi watt 500 fún wákàtí kan. Iná yìí á nílò 800. Ṣé wọ́n ká bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná kan àtààbọ̀ sínú ohun tí ò tó àtẹ́lẹwọ́ mi ni?

Wọ́n tún kọ "T6 mẹ́ta" sára rẹ̀, bí ẹni pé oyè ni. T6 kì í ṣe orúkọ iná. Àmì ìpele ìmọ́lẹ̀ ni, èyí tí ilé iṣẹ́ Cree ń lò fún irú LED kan tí wọ́n ń pè ní XM-L, LED yẹn pàápàá, tí wọ́n bá fún un ní gbogbo agbára tó lè gbà, nǹkan bíi lumen 1,000 ló ń mú wá. Mẹ́ta jẹ́ 3,000. Ẹ rí i pé wọn ò lè purọ́ kan kó bá èkejì mu.

Ìdajì jìbìtì náà nìyẹn. Ìdajì kejì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹjọ́ sùn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù.

Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fún oníbàárà ní iye ọjọ́ kan tó lè fi béèrè owó rẹ̀ padà. Tí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, ó parí. Òǹtajà yìí mọ ọjọ́ yẹn ju bó ṣe mọ ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ lọ. Mo kọ̀wé sí i, ó dáhùn lẹ́yìn ọjọ́ méjì: "Ọ̀rẹ́ wa ọ̀wọ́n, ṣé ẹ ti ṣáájì rẹ̀ kún?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ méjì tún kọjá: "Ọ̀rẹ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ fi fídíò ránṣẹ́." Mo fi ránṣẹ́. "Fídíò náà ò hàn dáadáa, ẹ ya òmíràn nínú òkùnkùn, kí páálí àti nọ́ńbà ọjà hàn nínú rẹ̀." Ẹ ronú sí i o, kí páálí hàn nínú òkùnkùn. Mo yà á. Ó wá ní òun máa dá ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún owó mi padà, kí n máa mú iná náà lọ. Mo kọ̀. Ó gbé e dé ọgbọ̀n. Mo tún kọ̀. Ó ní kò burú, òun máa dá gbogbo rẹ̀ padà, àmọ́ kí n kọ́kọ́ fagi lé ẹjọ́ tí mo fi sùn kí owó lè kọjá.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹ má fagi lé e. Ẹjọ́ tí ẹ bá ti fagi lé, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹ tún un dá sílẹ̀. Kò sí owó kankan tó nílò kí ẹjọ́ kú kó tó lè kọjá. Tó bá sì ní kí ẹ jáde kúrò níbi tí ẹ ti ra ọjà, kí ẹ wá máa bá òun sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ohun kan náà ló ń ṣe, torí ohun tí ẹ bá sọ níta, àwọn tó ń dájọ́ níbẹ̀ ò ní rí i.

Nígbà tí mi ò gbà, ó fa èyí tó gbẹ̀yìn yọ: kí n dá ọjà padà, kí n fowó ara mi fi ránṣẹ́. Owó ìfiránṣẹ́ ju owó iná lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹrù eléwu ni bátìrì lithium jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó ẹrù, ọ̀pọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni kì í gba èyí tó dá wà láìsí nínú ẹ̀rọ, pàápàá èyí tó ti bàjẹ́. Ó mọ̀ pé mi ò lè fi ránṣẹ́. Ohun tó gbà mí ni pé mi ò dá a lóhùn mọ́. Mo kó àwòrán òṣùwọ̀n méjèèjì, gíráàmù 26 àti 47, mo gbé e síwájú àwọn aláṣẹ ilé ìtajà náà nígbà tó ku ọjọ́ méjì. Wọ́n dá owó mi padà. Owó ríìmù ò sí níbẹ̀ ṣá.

Ẹ lè béèrè pé ṣebí àwọn tó ti rà á yìn ín. Èmi náà kà á. Ìràwọ̀ márùn-ún rẹpẹtẹ. Ìgbà tí mo ṣubú tán ni mo tó wá ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwọn ìràwọ̀ náà. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ó gba gbogbo aṣọ òun, síìpù rẹ̀ sì lágbára. Iná kẹ̀kẹ́ o! Àpò ni wọ́n ń tà lójú ìwé yẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn yí àwòrán àti orúkọ padà, wọ́n fi ìyìn àpò sílẹ̀ fún iná. Àwọn tó kù, ìwé pélébé kan tó wà nínú páálí tèmi náà ló tú àṣírí wọn: ẹ fún wa ní ìràwọ̀ márùn-ún, ẹ ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ gba iná ẹ̀yìn lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ìràwọ̀ kan àti méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ sì wá èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ti lò ó ju oṣù kan lọ.

Ẹni tó ti ní irú rẹ̀ nílé, ẹ má ṣáájì rẹ̀ mọ́jú, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Volt 4.2 ló yẹ kí irú bátìrì yìí dúró sí tó bá ti kún. Ṣájà ayédèrú tó bá a wá lè máà mọ ìgbà tó yẹ kó dá iná dúró, inú bátìrì lẹ́búlẹ́bú sì lè máà ní ohunkóhun tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má jù ú sínú pàǹtí lásán pẹ̀lú. Ibi tí wọ́n ti ń gba bátìrì àlòkù ni kí ẹ gbé e lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ iná tí kò wọ́n, tí kì í sì í ṣe ẹ̀tàn, ó wà. Ẹ wá èyí tí kò ṣeféfé. Níbi tí iná òpó wà, lumen 200 sí 400 tó mi í lò. Níbi tí kò ti sí, mo fẹ́ràn 500 sí 800, ìyẹn lumen tòótọ́. Iná tí wọ́n kọ ANSI FL1 sí (ìlànà Amẹ́ríkà fún wíwọn ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì), tó bá jẹ́ òótọ́, wọn kì í wọn lumen rẹ̀ ní gbàrà tí wọ́n tàn án, àfi lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 30. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé wákàtí tí wọ́n kọ síbẹ̀ ń kà á títí tí ìmọ́lẹ̀ á fi ku ìdá kan nínú mẹ́wàá, nítorí náà ẹ má gùn ún lọ jìnnà lórí ìyẹn. Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù báyìí ni bí ìmọ́lẹ̀ ṣe balẹ̀. Ní Jámánì, òfin StVZO fi dandan lé e pé kí iná iwájú kẹ̀kẹ́ fún ojú ọ̀nà ní ó kéré tán lux 10 (lux ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó balẹ̀ sójú ibì kan) ní mítà 10, kí orí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì gé bẹrẹ bíi ti mọ́tò, kó má fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú. Àmì K àti nọ́ńbà máa ń wà lára irú iná bẹ́ẹ̀. Kódà nínú àwòrán, ẹ wo ìmọ́lẹ̀ lára ògiri. Tó bá rí rógódó bí òṣùpá, tọ́ọ̀ṣì lásán ni wọ́n so mọ́ kẹ̀kẹ́. Ìdajì ìmọ́lẹ̀ tí ẹ sanwó rẹ̀ á máa lọ sójú ọ̀run.

Láàárọ̀ òní mo tún lọ wo ojú ìwé wọn. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Mo wá àwòrán rẹ̀ káàkiri, mo bá a ní ibòmíràn pẹ̀lú orúkọ karùn-ún, bátìrì 9,900 kan náà, ojú mẹ́ta kan náà. Ó ti di 12,000 lumen.