PTSD Coach lójú ẹni tó fi ọdún 19 ka ìwé ìbéèrè àwọn sójà

Ọ̀kadà kan tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti bàjẹ́ ló kọjá níwájú ilé wa ní Ọbá-Ilé lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó sì dún gbàù lẹ́ẹ̀mejì. A ń jẹ iyán lọ́wọ́. Kí n tó gbójú sókè, àbúrò ọkọ mi ti wà nílẹ̀ lẹ́yìn àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, òkèlè sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ mi dìde, ó lọ ti fèrèsé. Èmi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ó fi gbé ọwọ́ kúrò lórí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbé áàpù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí sórí fóònù rẹ̀.

Bàbá Kékeré ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, òun náà sì ń pè mí ní Ìyàwó Wa. Sójà ni, ó ti lọ jagun ní Borno ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ní mo lè kọ ọ̀rọ̀ yìí, kí n má sáà dárúkọ òun.

PTSD Coach lorúkọ áàpù náà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àwọn jagunjagun tó ti fẹ̀yìn tì àti ilé-iṣẹ́ ààbò wọn ni wọ́n jọ ṣe é, ọdún 2011 ló sì jáde. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí ìpolówó ọjà kankan nínú rẹ̀, ó wà fún Android, ó wà fún iPhone. PTSD yẹn ni orúkọ tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà kọ sínú ìwé wọn lọ́dún 1980 fún ìpayà tó ń bá èèyàn gbé lẹ́yìn tí ewu ti kọjá lọ. Nílé tiwa, àwọn àgbà kan ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe ọmọ náà, àwọn kan ní àwọn tó kú lójú ogun ló ń tẹ̀ lé e wálé. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo kàn gba fóònù rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ wá. Akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì aláìsàn ni mo fi wọ iṣẹ́ ológun. Dókítà kan tó ń ṣe ìwádìí lórí ìlera ọpọlọ àwọn sójà ló ṣàkíyèsí pé n kì í ṣi fáìlì gbé, ló bá mú mi sọ́dọ̀, ó kọ́ mi ní SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣírò dátà. R, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, èmi fúnra mi ni mo jókòó kọ́ ọ lálẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Nígbà tí mo fi máa fẹ̀yìn tì, èmi ni olórí àwọn mẹ́fà tó ń tọ́jú dátà, tó sì ń tú u wò. Dátà tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a ń rà sórí fóònù o. Ìdáhùn àwọn èèyàn ni, ọ̀rọ̀ inú wọn tí a sọ di nọ́ńbà kí á lè rí ohun tí ojú lásán kò lè rí.

Ìwádìí àkọ́kọ́ tí mo bá wọn ṣe, wọ́n ní kí àwọn sójà kọ orúkọ àti nọ́ńbà iṣẹ́ wọn sókè ìwé. Àwọn ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun dé ni. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mò ń tẹ ìdáhùn wọn wọlé: òdo, òdo, òdo. Gbogbo wọn ń sùn bí ọmọ ọwọ́, kò sẹ́ni tó ń lá àlá burúkú, kò sí ohun tó ń bí ẹnikẹ́ni nínú. Inú àwọn ọ̀gá dùn. Mo wá gbé ìwé kan sókè sí iná, mo rí i pé ibì kan ti fẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè tó jẹ mọ́ àlá, ìmọ́lẹ̀ ń yọ níbẹ̀. Ọmọ náà ti kọ́kọ́ fàmì sí 4, tó túmọ̀ sí pé ó pọ̀ gan-an, ó sì tẹ báírò mọ́ ọn débi pé ojú rẹ̀ hàn lẹ́yìn ìwé. Lẹ́yìn náà ló fi abẹ há a kúrò díẹ̀díẹ̀, ó wá fàmì sí òdo. Mo di ìwé yẹn mú pẹ́. Ẹni tó fara balẹ̀ fi abẹ há ìwé báyẹn, ẹ̀rù ló ń bà á. Ta ló fẹ́ kí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ òun, tàbí kí ìgbéga fo òun dá?

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2004, àwọn oníwádìí Walter Reed, ilé ìwádìí ìlera àwọn ológun ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ọmọ ogun wọn tó lọ Iraq àti Afghanistan: àwọn 2,530 ni wọ́n bi léèrè kí wọ́n tó lọ, àwọn 3,671 lẹ́yìn tí wọ́n dé, wọn kò sì gba orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú àwọn tí ìdáhùn wọn fi hàn pé ọkàn wọn ti dàrú, ìdá 23 sí 40 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló wá ìtọ́jú lọ. Àwọn tí kò lọ sọ ohun tó dá wọn dúró: wọ́n á pè mí ní ọ̀lẹ, ọ̀gá mi á máa fi ojú mìíràn wò mí, àwọn tí a jọ ń jagun kò ní lè fọkàn tán mi mọ́. Nígbà tó di 2011, àwọn mìíràn níbẹ̀ gbé ìwé olórúkọ àti ìwé aláìlórúkọ fún àwọn sójà tó ti ogun dé, wọ́n sì fi méjèèjì wé ara wọn. Nínú èyí tí kò lórúkọ, àwọn tó jẹ́wọ́ ìpayà, ìbànújẹ́ ọkàn àti èrò àtipa ara ẹni jẹ́ ìlọ́po méjì sí mẹ́rin iye àwọn tó jẹ́wọ́ nínú èyí tó lórúkọ. Mo tẹ èyí jáde, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì mi, kò sì kúrò níbẹ̀ títí mo fi kó ẹrù mi jáde.

Láti ìgbà náà, kò sí orúkọ lórí ìwé tiwa mọ́. Ẹni méjì ló ń tẹ ìwé kọ̀ọ̀kan wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ó wá fi ti èkínní wé ti èkejì. Nígbà kan, a rí sójà kan tí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 136 lórí ìbéèrè tí gbogbo rẹ̀ kò lè ju 80 lọ. Ibi tó fi sílẹ̀ láìdáhùn ni a kọ 99 sí gẹ́gẹ́ bí àmì, kọ̀ǹpútà sì rò ó mọ́ ọn. 37 ni ti ọmọ ọlọ́mọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń bi mí bí èèyàn ṣe ń wọ iṣẹ́ yìí pé kí wọ́n lọ fọwọ́ kan ìwé ná kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Òfin kejì tí mo ṣe le ju ìyẹn lọ: ẹni tó bá sọ nínú yàrá wa pé "mo mọ ẹni tó kọ èyí", yóò kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gá kan wá bá mi rí, ó ní kí n fún òun ní orúkọ àwọn tí máàkì wọn ga kí òun lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé n kò ní orúkọ, òótọ́ sì ni. Ó bínú sí mi fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bó bá tún wá lónìí, ohun kan náà ni màá sọ.

Ẹ ó rí ìdí tó fi jẹ́ pé ohun tí mo kọ́kọ́ wò nínú PTSD Coach ni bóyá yóò béèrè orúkọ. Kò béèrè. Kò béèrè nọ́ńbà fóònù, kò ní kí o ṣí àkáǹtì. Ohun tí o bá kọ sínú rẹ̀, inú fóònù rẹ ló wà. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Bàbá Kékeré, ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta: "Ìyàwó Wa, ṣé ó dá yín lójú?" Ó dá mi lójú.

Ìbéèrè 20 ló wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní PCL-5, lórí oṣù kan tó kọjá. Òdo ni "rárá", 4 ni "ó pọ̀ gan-an". Bí àròpọ̀ bá ti tó 31 sí 33, ó yẹ kí èèyàn lọ rí dókítà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. A jọ dáhùn rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìnkùlé, èmi ń sọ ọ́ ní Yorùbá, òun ń tẹ̀ ẹ́, ojú mi kò sì sí lára fóònù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti béèrè bó ṣe máa ń rí lára rẹ̀ bí nǹkan bá rán an létí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní, "Ṣé inú mi bàjẹ́ ni àbí àyà mi já?" Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ló kó méjèèjì pọ̀, ní tiwa, ọ̀tọ̀ ni inú, ọ̀tọ̀ ni àyà. A dé ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá ó máa ń ṣọ́nà ṣáá, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò mí, ó ní, "Iṣẹ́ mi nìyẹn. Kì í ṣe àìsàn." Mo dákẹ́. Ọdún 19 ni mo fi ka ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí, kò sì sẹ́ni tó jókòó tì mí rí tó sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo bi í pé tí a bá lọ jẹun ní Alágbàká, ta ló ń ṣọ́? Kò dáhùn. Ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ti kan ògiri ló máa ń jókòó sí níbẹ̀. Ó tẹ ìdáhùn rẹ̀, a kọjá síwájú.

Èyí tó ń lò jù ni apá tó wà fún ìgbà tí nǹkan bá gbé e. O ó yan ohun tó ń ṣe ọ́: oorun kò wá, inú ń bí mi, nǹkan rán mi létí. Áàpù yóò ní kí o fi òdo sí 10 díwọ̀n bó ṣe le tó, yóò gbé nǹkan kan fún ọ láti ṣe, yóò sì tún bi ọ́ léèrè lẹ́yìn rẹ̀. Mímí díẹ̀díẹ̀ ni Bàbá Kékeré fẹ́ràn jù. Ohùn kan ń darí rẹ̀, fà á sínú, tú u síta. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ àdúgbò ń yin nọ́káùtù, tí iná sì lọ, mo rí ojú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ fóònù, èjìká rẹ̀ ń wálẹ̀ bó ṣe ń mí. Ó fi hàn mí fúnra rẹ̀: 8 ló kọ́kọ́ fi sí i, 5 ló fi sí i nígbà tó parí. Kò lo íntánẹ́ẹ̀tì fún un.

Áàpù náà máa ń ya àwòrán bí àròpọ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí dẹ́rù ba ara yín. Nígbà tí tirẹ̀ kúrò ní 47 bọ́ sí 44, ó pè mí pẹ̀lú ayọ̀. Nígbà tó padà sí 46, kò jẹun. Mo ní láti jókòó ṣàlàyé fún un pé máàkì méjì mẹ́ta kò tíì sọ nǹkan kan, oorun òru kan tó bàjẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó máa wo ibi tí ìlà náà dojú kọ fún oṣù méjì mẹ́ta. Ẹni tí kò ní ẹni tí yóò ṣàlàyé èyí fún un lè rò pé òun ti ṣubú.

Gẹ̀ẹ́sì ni a rí lò nínú rẹ̀, Yorùbá kò sí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó nílò rẹ̀ ní bárékè àti ní abúlé wa kò sì ní lè lò ó láìsí olùrànlọ́wọ́. Bí olùrànlọ́wọ́ bá sì ti wọ̀ ọ́, àṣírí ti dín kù, àṣírí yẹn gan-an ló sì fún áàpù náà lágbára. Ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ìbéèrè náà sílẹ̀ ní Yorùbá fúnra mi, ìbéèrè inú àti àyà yẹn ni mo ṣì ń bá wọ̀jà. Wọn kò sì ṣe áàpù yìí rọ́pò dókítà, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Bàbá Kékeré ti ń lọ rí dókítà báyìí, máàkì inú fóònù ló gbé lọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní òun kò ní láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu.

Ibi tí wọ́n ti ń wá ìrànlọ́wọ́, nọ́ńbà Amẹ́ríkà ló kún ibẹ̀, nítorí pé àwọn èèyàn wọn ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n o lè fi nọ́ńbà àwọn èèyàn tìrẹ sí i. Mẹ́ta ni Bàbá Kékeré fi síbẹ̀: dókítà rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí í ṣe ọkọ mi, àti nọ́ńbà kan tó pè ní Ìyàwó Wa.