Briar Rose: àlọ́ kan ṣoṣo tí ìyá àgbà mọ̀ ọ́n pa

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ka ìwé ìtàn àròsọ Briar Rose tí Jane Yolen kọ. Lẹ́ẹ̀kíní, eré ni mo ń sá tẹ̀lé ìtàn náà kí n lè mọ ibi tó ń já sí. Lẹ́ẹ̀kejì, mo fo gbogbo orí yòókù, àwọn orí tí ìyá àgbà ti ń pàlọ́ nìkan ni mo kà tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀rọ̀ kan ò yí padà nínú wọn, ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì bò mí, mo sì gbé ìwé náà kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè parí rẹ̀.

Ọdún 1992 ni ìwé náà jáde ní Amẹ́ríkà. Becca ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọbìnrin mẹ́ta, òun ló sì sún mọ́ ìyá ìyá wọn jù, ẹni tí wọ́n ń pè ní Gemma. Láti kékeré wọn, àlọ́ kan ṣoṣo ni Gemma ń pa fún wọn: ti ọmọ ọba obìnrin tó sùn fún ọgọ́rùn-ún ọdún, títí ọmọ ọba ọkùnrin kan fi fẹnu kò ó lẹ́nu tó fi jí. Wọ́n gbọ́ ọ débi pé àwọn náà lè gbà á lẹ́nu rẹ̀ pa. Nígbà tí ikú ń bọ̀, Gemma ní òun gan-an ni ọmọ ọba inú àlọ́ náà, ó sì mú Becca ṣèlérí pé yóò wá ààfin ọ̀hún rí. Ọ̀rọ̀ arúgbó tó ń ṣarán ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà á sí. Ìgbà tí wọ́n ṣí àpótí rẹ̀, tí wọ́n bá fọ́tò àti ìwé àtijọ́ níbẹ̀, ni wọ́n tó rí i pé kò sẹ́ni tó mọ orúkọ àbísọ ìyá yìí dájú, tàbí ìlú tó ti wá. Akọ̀ròyìn ni Becca. Ó tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dé Oswego ní ìpínlẹ̀ New York, ó sì gba ibẹ̀ dé Pólándì.

Oswego kì í ṣe ìlú inú àlọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1944, ìjọba Ààrẹ Roosevelt kó ènìyàn 982 tí ogun lé kúrò nílé wá sí bárékè Fort Ontario níbẹ̀. Júù ló pọ̀ jù nínú wọn, wáyà ni wọ́n sì fi yí wọn ká. Mi ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí kí n tó ka ìwé yìí.

Àlọ́ náà ti wà tipẹ́. Perrault tẹ irú rẹ̀ jáde ní èdè Faransé lọ́dún 1697, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Grimm sì kọ tiwọn sílẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1812. Nínú ti Grimm, bí ọmọ ọba ṣe jí ni gbogbo ààfin jí: ọba, alásè, ẹṣin, títí kan eṣinṣin ara ògiri. Nínú ti Gemma, àwọn yòókù kò jí. Àjẹ́ tó ṣépè fún ọmọ náà wọ aṣọ dúdú àti bàtà dúdú ńlá, ẹyẹ idì fàdákà sì wà lára fìlà rẹ̀. Ọmọdé á gbọ́ ọ, á ní aṣọ àjẹ́ nìyẹn. Àgbàlagbà tó bá ti rí fọ́tò ọmọ ogun Hitler á dákẹ́ lójijì. Ẹ̀gún tó yí ààfin ká ńkọ́? Kùrukùru tó sọ̀ kalẹ̀ tí gbogbo ènìyàn fi sùn lọ ńkọ́? Mi ò ní tú gbogbo rẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí Yolen kàn fi ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán.

Chełmno, abúlé kan ní Pólándì, ni ọ̀nà náà já sí. Ilé ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ààfin. Láti oṣù kejìlá ọdún 1941, ìjọba Násì ti Hitler ń kó àwọn Júù wá síbẹ̀, pàápàá láti ìlú Łódź àti àwọn ìlú tó yí i ká. Wọ́n á ní kí wọ́n bọ́ṣọ kí wọ́n lè wẹ̀, wọ́n á sì tì wọ́n sínú ọkọ̀ tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń wọnú rẹ̀. Inú igbó ni ọkọ̀ náà ti ń já òkú wọn sílẹ̀. Ó lé ní 150,000 ènìyàn tí wọ́n pa níbẹ̀, àwọn ẹ̀yà Roma wà lára wọn. Ní 1943, àwọn apànìyàn náà fúnra wọn fi àdó olóró wó ilé náà. Ààfin tí Becca rin ìrìn-àjò nítorí rẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nínú ìwé náà, Josef Potocki ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, apá tirẹ̀ ni mo sì fẹ́ràn jù. Ará Pólándì ni, ìjọba Násì ti jù ú sí àgọ́ ìfìyàjẹni Sachsenhausen ní Jámánì rí nítorí pé ọkùnrin bíi tirẹ̀ ló ń fẹ́. Ó sọ ìtàn náà láìpọ́n ara rẹ̀ lé, ó ń sọ ìbẹ̀rù rẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn àlọ́ tó ti rọ̀ létí fún ìgbà pípẹ́, ohùn rẹ̀ gbẹ, ó sì le, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí.

Àwọn nǹkan kan kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn ẹ̀gbọ́n Becca kò ní ìwà kan ju kí wọ́n máa jà lọ. Ìfẹ́ àárín Becca àti Stan, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, dà bí ohun tí wọ́n ṣáà fi kún un. Ìwádìí tó ṣe ní Amẹ́ríkà sì falẹ̀ níbì kan, tí mo fi ń ṣí ewé wò bóyá Pólándì ti dé.

Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń tà á fún, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e fún ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí ohun tí Josef rí ní Chełmno. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi fún ọmọ rẹ̀, kó kọ́kọ́ kà á tán.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà láti ọwọ́ Yolen fúnra rẹ̀ ní ìparí ìwé. Ó sọ ọ́ láìfi bò pé òun kò mọ obìnrin kankan tó jáde láàyè ní Chełmno. Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí lẹ́kún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kọ́kọ́ ṣí ibẹ̀ o.