Server update fún CBT àti ilé-ìwé: tower tòkunbọ̀, mini PC, àbí kẹ́ẹ má ra nǹkan kan?

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ní CBT (ibi ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) ní Kàbà, ẹ̀yin ilé-ìwé Ìsánlú, ẹ̀yin tẹ́ẹ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà l'Ẹ̀gbẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Tí update Windows kan bá tó 1GB, tí kọ̀ǹpútà 30 wá ń fà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, 30GB ti lọ nìyẹn, nǹkan kan náà ni gbogbo wọn sì fà. Tí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà kan tó ń tọ́jú update fún àwọn yòókù, bá wà nílé, òun nìkan láá fà á, àwọn tó kù á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lórí wáyà, dátà ò sí níbẹ̀ mọ́.

Tower tòkunbọ̀, ìyẹn server ńlá tí wọ́n ti lò rí, lojú gbogbo èèyàn máa ń wà lára. Ó lágbára lóòótọ́, àyè hádì dísìkì pọ̀ nínú ẹ̀, àmọ́ ariwo ẹ̀ ò ṣeé sùn tì, ó sì lè máa jẹ 100W láì tíì ṣiṣẹ́ kankan, pẹ̀lú iná tiwa yìí, tí NEPA bá ti mú un lọ, bátìrì ìnfátà yín lọ̀rọ̀ kàn. Mini PC (kọ̀ǹpútà kékeré) tó ní RAM 16GB àti SSD 1TB á gbé kọ̀ǹpútà 50 láìṣojo, iná tó ń jẹ ò sì tó nǹkan. Èmi ò ní ra tower láé, àfi tẹ́ni kan bá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ tòun ti sólà.

Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tó kéré gan-an yẹn, ńkọ́? Kò lè gbé Windows Server, àmọ́ tó bá jẹ́ Ubuntu lẹ ń lò dípò Windows, ẹ fi apt-cacher-ng, ètò tó ń tọ́jú update Ubuntu, sí i pẹ̀lú hádì dísìkì kan, ó parí. Ohun tẹ́nì kan bá ti fà nìkan ló ń tọ́jú, kì í ṣe gbogbo ayé.

Tó bá jẹ́ Windows, ohun méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni WSUS, ètò Microsoft tó ń sọ kọ̀ǹpútà di server update, ó ń jẹ́ kẹ́ẹ yan update tó máa wọlé àti ìgbà tó máa wọlé, kí kọ̀ǹpútà má baà lọ máa restart lọ́jọ́ ìdánwò JAMB, ìyẹn nìkan tó fún CBT. Àmọ́ ẹ máa ra Windows Server àti CAL (ìwé àṣẹ fún àwọn tó máa lò ó), kọ̀ǹpútà tó jẹ́ Windows Home ò ní gbọ́ tiẹ̀, Windows Pro ló ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni Microsoft ti sọ ní 2024 pé àwọn ò ní fi nǹkan tuntun kún un mọ́, bó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ. Tẹ́ẹ bá ń ṣètò ẹ̀, ẹ má fi àmì sí Drivers o, àyè dísìkì yín á kún kẹ́ẹ tó mọ̀.

Ìkejì ni Delivery Optimization, ó ti wà nínú Windows 10 àti 11, Home náà ń lò ó, kọ̀ǹpútà yín á kàn máa pín in fúnra wọn. Kò ní jẹ́ kẹ́ẹ yan nǹkan kan, íńtánẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ wà, èyí tí RAM ẹ̀ ò bá tó 4GB kì í sábà bá wọn pín. Tí kọ̀ǹpútà yín ò bá ju 15 lọ, ẹ tan èyí, kẹ́ẹ fowó server ra súwíìṣì gigabit tó ń fi wáyà so kọ̀ǹpútà pọ̀.

Tẹ́ni tó ń ta server fún yín bá ní Windows Server ti wà nínú ẹ̀, ẹ bi í bóyá evaluation (ti ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń dán an wò) ni, torí ọjọ́ 180 nìyẹn ń lò, lẹ́yìn ẹ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan láá máa pa ara ẹ̀.